Ohun Tí Kò Dà Ló Ń Jẹ́rìí Ohun Tó Dà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Krómíọ̀mù Ọ́ksáídì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kó ìgbẹ́ ẹja, ti adìẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ jọ, tí mò ń mú un gbẹ, tí mò ń lọ̀ ọ́ kúnná, tí mò ń fi ásíìdì sè é, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú oúnjẹ tí ẹran jẹ, èló ló wọ ara rẹ̀, èló ló kàn gba inú rẹ̀ kọjá?

Létí, ìbéèrè náà rọrùn. Wọn ohun tó jẹ, wọn ohun tó ṣu, yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Bí àgùntàn bá jẹ kílò 1 oúnjẹ gbígbẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 400 lẹ́yìn tó gbẹ tán, gíráàmù 600 ló ti dà nìyẹn, ìdá 60 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ni Henneberg àti Stohmann ṣe ń ṣe é ní Weende, ní ilẹ̀ Jámánì, láàárín ọdún 1860 sí 1870. Wọ́n á so ẹran mọ́lẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ọ̀nà tó dára ni, òun náà la sì fi ń yẹ àwọn ọ̀nà yòókù wò títí dòní. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn: ẹni tó máa kó gbogbo ìgbẹ́ láìku bíńtín, fún odidi ọjọ́ márùn-ún tàbí méje, àpò tí wọ́n so mọ́ ẹran nídìí, ẹran tí kò lè rìn dé ibi tó wù ú. Bí ẹran bá ta àpò dànù lóru, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti ṣòfò.

Ti ẹja burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú omi ló ti ń jẹun, inú omi náà ló ti ń ṣu. Kí èèyàn tó na àwọ̀n débẹ̀, ìgbẹ́ ti fọ́, omi ti gbé e lọ. Adìẹ ní tirẹ̀, ihò kan náà ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ń bá jáde, wọ́n á ti lẹ̀ mọ́ra kí o tó rí wọn. Màlúù tó ń jẹ̀ káàkiri pápá ńkọ́? Ìgbẹ́ rẹ̀ ṣeé kó fún ẹni tó bá ní sùúrù, ṣùgbọ́n koríko tó jẹ ni kò sí òṣùwọ̀n tó lè tẹ̀ lé e kiri láti wọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí nìyẹn, tí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan fi wọlé.

Kí n tó dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀wà àti òkúta ṣàpèjúwe. Ká ní ẹnì kan ka ẹ̀wà 95 sínú igbá, ó ka òkúta wẹ́wẹ́ 5 mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. Lóru, eku wá jẹ nínú rẹ̀. Eku kì í jẹ òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò pọn dandan kí ẹ ka gbogbo ohun tó kù. Ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ká ní ẹyọ 20 ló wà nínú ẹ̀kúnwọ́ náà, tí 4 nínú rẹ̀ jẹ́ òkúta. Lálẹ́ àná, ìdá 5 nínú 100 ni òkúta jẹ́. Láàárọ̀ yìí ó ti di ìdá 20. Òkúta ti ki sí i ní ìlọ́po mẹ́rin, a jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú igbá ló ṣẹ́ kù. Eku ti jẹ ìdá 75. Ẹ kò mọ iye tó kù nínú igbá, ẹ kò sì rí eku sójú, síbẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ti tú àṣírí rẹ̀.

Òkúta wa ni krómíọ̀mù ọ́ksáídì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní Cr₂O₃. Ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ ẹran, ẹ jẹ́ kí ẹran máa jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí ìfun á fi kún fún un dọ́gbadọ́gba, kí ẹ wá bu ìgbẹ́ díẹ̀. Bí oúnjẹ bá ní ìdá 0.5 nínú 100, tí ìgbẹ́ sì ní ìdá 2.0, ẹ pín 0.5 sí 2.0, ó jẹ́ 0.25. Ìdá 25 ló jáde, ìdá 75 ló dà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti purotéènì nìkan, ẹ ó fi purotéènì inú ìgbẹ́ àti ti inú oúnjẹ kún ìṣirò náà. Ká ní purotéènì jẹ́ ìdá 40 nínú oúnjẹ, ìdá 16 nínú ìgbẹ́: 16 sí 40 jẹ́ 0.4, ẹ fi 0.25 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.1. Ìdá 90 purotéènì ló wọ ara. Gbogbo ìṣirò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí àwọn tó kọ ọ́ sójú pátákó bí ẹni pé ohun ìjìnlẹ̀ ni, tí ẹ̀rù sì ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí asán.

Èrò yìí dàgbà ju ìyẹ̀fun náà lọ. Ní ọdún 1874, Wildt ní ilẹ̀ Jámánì ti ń lo sílíkà, irú èyí tó máa ń wà nínú koríko fúnra rẹ̀, láti fi tọ ipasẹ̀ oúnjẹ nínú àgùntàn. Ọdún 1918 ni Edin, ará Sweden, gbé krómíọ̀mù ọ́ksáídì wọ inú iṣẹ́ náà. Ó pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ledkropp, ìyẹn ohun tó ń ṣamọ̀nà. Amọ̀nà ni èmi náà yóò máa pè é láti ìsinsìnyí lọ. Láti ọdún 1950 ni iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti gbilẹ̀ gan-an. Ọdún náà ni Kane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi krómíọ̀mù ọ́ksáídì, lígínìn (ohun líle inú koríko tí kì í fẹ́ dà) àti kíkó gbogbo ìgbẹ́ wé ara wọn nínú màlúù oníwàrà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹ̀fun yìí? Krómíọ̀mù fúnra rẹ̀, Vauquelin ará Faransé ló rí i lọ́dún 1797 nínú òkúta pupa kan tó wá láti Siberia. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àwọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì ro ó: díẹ̀ nínú rẹ̀ ló mú kí òkúta iyebíye rúbì pọ́n, díẹ̀ náà ló mú kí émírádì ní àwọ̀ ewé. Nígbà tó bá so mọ́ ọ́ksíjìn ní Cr₂O₃, ó máa ń le kankan débi pé àwọn tó ń pọ́n abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń fi í pa awọ láti dán ojú abẹ. Ooru tó ju ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 2,400 lọ ló ń yọ́ ọ. Omi kò lè yòrò rẹ̀. Ásíìdì inú ikùn kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ìfun kì í fà á sára, àfi bíńtín tí kò tó nǹkan. Àwọn ọlọ́dà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ewé tí òjò àti oòrùn kì í pa. Òun náà la gbé dé iwájú ẹran.

Ohun kan tún wà tí ìwé kì í sọ: ẹ máa ń rí i. Adìẹ tó ti jẹ oúnjẹ yìí á ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé tí kò jọ ewé kankan, ewé tó dúdú, tó ń dán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Nínú táǹkì ẹja, ẹ lè fi ojú lásán mọ ìgbà tí oúnjẹ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé á máa já bọ́ lẹ́yìn ẹja. Àmọ́ ojú kì í wọn nǹkan. Ẹ ó mú ìgbẹ́ náà wọ yàrá àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí apá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wọn ìgbẹ́ gbígbẹ tó ti kúnná, mílígíráàmù 100 péré, ìwọ̀n tí èèyàn lè fẹ́ dànù bó bá sín. Bí ó bá ní ìdá 2 nínú 100, mílígíráàmù 2 amọ̀nà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn, ẹ da ásíìdì nitric mílílítà 5 lé e lórí, ẹ gbé e kaná díẹ̀díẹ̀. Èéfín pupa rúsúrúsú á jáde. Ìgbẹ́ á máa jẹrà, á máa pòórá, títí tí omi inú ìgò á fi mọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀: ẹ̀rúnrún aláwọ̀ ewé ṣì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ásíìdì tó jẹ gbogbo ìyókù run kò fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá fi ásíìdì perchloric mílílítà 3 sí i, ẹ tún gbé e kaná. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó rò pé kò sí nǹkan tí yóò ṣẹlẹ̀. Lójijì, àwọ̀ ewé á lọ, omi náà á di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Nígbà tó bá tutù, tí ẹ bu omi sí i títí tó fi pé mílílítà 100, á mọ́ roro, á di àwọ̀ ìyeyè. Ìyeyè yẹn ni ẹ̀rọ ń kà: ẹ ta ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nànómítà 350 gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ wo èyí tó mú nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Furukawa àti Tsukahara ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní Jàpáánì lọ́dún 1966 fún oúnjẹ ẹja, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹja sì ń lò ó títí di òní. Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ tó ń fi iná wọn mẹ́táàlì, ó sì dára bí owó bá wà.

Ásíìdì nitric gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá kánjú da perchloric gbígbóná lé ohun tó ṣì ní ọ̀rá àti ìgbẹ́ nínú ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré, torí ó lè bú gbàù. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1947, ásíìdì yìí, tí wọ́n pò mọ́ oògùn mìíràn láti fi dán irin, bú gbàù ní ilé iṣẹ́ kan ní Los Angeles, èèyàn 17 sì kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é nínú àpótí afèéfín tí omi ń fọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí n kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lóun nìkan níbẹ̀. Ohun kan tún pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ̀rín ìbànújẹ́: krómíọ̀mù tí ẹran jẹ tí kò ṣe é ní nǹkan, irú kẹta tí wọ́n ń pè ní Cr(III) ni. Èyí tó di ìyeyè nínú ìgò wa, irú kẹfà ni, Cr(VI), èyí tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kà mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Àwa la sọ aláìlẹ́ṣẹ̀ di apani kí a tó lè kà á. Nítorí náà, omi ìyeyè yẹn kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀gbàrá lọ. Inú kẹ̀ǹgbẹ́ tó ní ìdérí ló ń lọ.

Ẹnì kan nawọ́ lẹ́yìn, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá rọrùn tó báyìí, kí ló kù tí ẹ ń wádìí?" Ìbéèrè tó dára ni. Ohun tó kù ni ìwà ẹlẹ́rìí, ìyẹn amọ̀nà wa. Ìṣirò wa dúró lórí ohun mẹ́rin: pé amọ̀nà pò dọ́gba mọ́ oúnjẹ, pé ó bá oúnjẹ rìn ní ìrìn kan náà, pé gbogbo rẹ̀ jáde, pé òun fúnra rẹ̀ kò dí ìfun lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mi ò tíì rí kó já.

Èyí àkọ́kọ́ ti já lójú ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, mo da gíráàmù 50 sínú oúnjẹ kílò 10 lẹ́ẹ̀kan náà, mo ta ẹ̀rọ ìpòpọ̀, mo lọ jókòó. Ìyẹ̀fun yìí kúnná púpọ̀, ó sì wúwo. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin, ó máa ń sá sábẹ́, apá kan oúnjẹ á pọ̀ ní ewé, apá kejì á funfun. Mo rí ilà ewé lára hóró oúnjẹ náà, mo ní kò burú. Ìgbà tí èsì dé, táǹkì kan sọ pé oúnjẹ tó dà jẹ́ ìdá mẹ́fà tó dín sí òdo. Nínú oúnjẹ tí mo bù lọ wọ̀n, 0.53 ló wà. Nínú ìgbẹ́, 0.50. Ìyẹn ni pé ìgbẹ́ ẹja ju oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní: "Ẹja tìrẹ yìí, kì í jẹ oúnjẹ, ṣe ló ń ṣe é." Oṣù mẹ́ta iṣẹ́ ló wọgbó. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ kan, mo ń fi ẹ̀kúnwọ́ yẹn pọ̀ mọ́ méjì, méjì mọ́ mẹ́rin, títí á fi tán. N óò sì bù lójú mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ wọ̀n kí ẹran kankan tó fẹnu kàn án.

Ti gbogbo rẹ̀ jáde ńkọ́? Ẹ wo ìṣirò kékeré yìí, torí ó ń tan àgbà jẹ. Ká ní ìdá 5 nínú 100 amọ̀nà sọnù lọ́nà: ó lẹ̀ mọ́ ara àwo, tàbí ásíìdì kò jẹ ẹ́ tán. Ní oúnjẹ tó dára, dípò 2.0 ẹ rí 1.9 nínú ìgbẹ́. Dípò ìdá 75 tó dà, ẹ ó kọ 73.7. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ẹ mú oúnjẹ burúkú báyìí, èyí tí ìdá 50 péré ń dà nínú rẹ̀: ó yẹ kí ẹ rí 1.0, ẹ rí 0.95, ẹ kọ 47.4. Àṣìṣe ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí kan náà ni, irọ́ kan náà ló sì pa. Oúnjẹ tí a kò fọkàn tán ni irọ́ rẹ̀ máa ń bà jẹ́ jù, àwọn oúnjẹ bẹ́ẹ̀ gan-an la sì sábà máa ń dán wò: èèpo, ìyàngbò, àjẹkù ilé iṣẹ́. Mo máa ń ka ìwé ìwádìí, mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti sọ iye amọ̀nà tí wọ́n rí gbà padà. Bí n kò bá rí i, mo ń ka ìyókù bí ẹni ń ka ìtàn.

Nínú ẹja, omi ló ń ṣèké. Bí ìgbẹ́ bá pẹ́ nínú omi, omi á fọ purotéènì àti iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, amọ̀nà tí kì í yòrò á dúró. Ẹ ó wá rò pé ẹja ló jẹ ohun tí omi jẹ. Bí ẹ bá sì fún ẹja níkùn kí ìgbẹ́ lè jáde sọ́wọ́ yín, ẹ lè fún oúnjẹ tí kò tíì dà tán mọ́ ọn, pẹ̀lú oje ara ẹja fúnra rẹ̀, oúnjẹ rere á sì dàbí oúnjẹ burúkú. Èyí àkọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ ga ju bó ṣe yẹ lọ, èkejì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Cho àti Slinger ní Guelph, ní Kánádà, ṣe ohun kan lọ́dún 1979 tí mo ṣì ń kí wọn fún: wọ́n darí omi táǹkì gba inú ọ̀pá kan tó dúró ṣánṣán, ìgbẹ́ á rọra rì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó o. Wọ́n tún ń fi oúnjẹ tí wọ́n ti mọ bó ṣe ń dà ṣe ìdá 70, wọ́n á fi ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò ṣe ìdá 30 tó kù, ìyàtọ̀ tó bá wà lára méjèèjì á sọ ti ohun tuntun náà. Wọ́n ṣe é fún ẹja trout, kò sì pẹ́ tó fi di ìlànà fún ẹja mìíràn.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀. Nínú ìfun ńlá rẹ̀, àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń jẹ purotéènì tó ṣẹ́ kù. Purotéènì yẹn kò sí nínú ìgbẹ́ mọ́, àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kò rí i jẹ. Ẹni tó bá wo ìgbẹ́ nìkan á yin ẹlẹ́dẹ̀ fún oúnjẹ tí kòkòrò jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń bu ohun tó wà ní òpin ìfun kékeré, kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò: wọ́n á fi ọ̀pá kékeré kan sí ìhà ẹran, ọgbẹ́ á jinná yí i ká, ẹran á máa jẹun lọ. Gbogbo ohun tó ń kọjá níbẹ̀ kò ṣeé gbà. Bíbù díẹ̀ nìkan ló ṣeé ṣe, amọ̀nà ló sì ń sọ díẹ̀ yẹn di odidi.

Màlúù ló gba ọgbọ́n jù, òun náà ló sì ti yọ krómíọ̀mù ọ́ksáídì lẹ́nu jù. A kò lè pò ó mọ́ koríko pápá. Nítorí náà a ń fi kápúsù, hóró oògùn oníhò, tó ní gíráàmù 5 há a lẹ́nu láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́, ó di gíráàmù 10 lójúmọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó ń wọlé á bá ohun tó ń jáde dọ́gba. Bí ìgbẹ́ gbígbẹ bá ní ìdá 0.25 nínú 100, gíráàmù 10 yẹn wà nínú kílò 4 ìgbẹ́. Kílò 4 ni màlúù ń ṣu lójúmọ́, láìsí àpò nídìí rẹ̀. Bí a bá ti fi ọ̀nà mìíràn mọ̀ pé ìdá 60 koríko náà ló ń dà, ìdá 40 tó kù ló jẹ́ kílò 4, a jẹ́ pé kílò 10 ló jẹ nínú pápá. Ẹ kò bá a jẹ̀, ẹ kò gé koríko kankan wọ̀n.

Ó dùn létí, àbí? Ẹ wá wo inú ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Koríko tuntun ń léfòó lókè nínú ṣàkì, omi wà nísàlẹ̀, ohun tó ti kúnná ń rì díẹ̀díẹ̀. Krómíọ̀mù ọ́ksáídì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Kò bá koríko léfòó, kò sì bá omi ṣàn. Ó ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ àpò kékeré tí ojú rẹ̀ rí bí afárá oyin, ó ń jókòó síbẹ̀, ó sì ń jáde ní wìtìwìtì nígbà tó bá wù ú. Ìgbẹ́ àárọ̀ lè pọ̀ ní àwọ̀ ewé ju ti ọ̀sán lọ nínú màlúù kan náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan fi í sára pépà, wọ́n gé pépà náà wẹ́wẹ́ kó lè máa rìn bí oúnjẹ. Àwọn mìíràn ṣe kápúsù tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n dín wàhálà náà kù, wọn kò pa á run. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oúnjẹ ṣe ń yára kọjá nínú ṣàkì, èrò tèmi ni pé kó má fi ìyẹ̀fun yìí ṣe é rárá. Fún omi, cobalt-EDTA tàbí chromium-EDTA, àwọn amọ̀nà tó ń yòrò nínú omi, ni kó lò. Fún koríko, krómíọ̀mù tí wọ́n ti sè mọ́ ara fáíbà náà kó má lè bọ́. Krómíọ̀mù wà nínú ọ̀pọ̀ wọn lóòótọ́, àmọ́ ọmọ bàbá kan náà kì í níwà kan náà.

Ohun kẹrin, pé amọ̀nà kò dí ìfun lọ́wọ́, a gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ láìbéèrè. Lọ́dún 1993, Ringø rí i pé krómíọ̀mù ọ́ksáídì inú oúnjẹ yí àwọn kòkòrò àìfojúrí ara ìfun ẹja Arctic charr padà. Shiau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Taiwan sì rí i nínú ẹja èpìyà pé ó nípa lórí bí ẹja ṣe ń lo ṣúgà àti sítáàṣì. Bí ẹ bá ń wọn sítáàṣì, tí ẹlẹ́rìí yín sì ń ran sítáàṣì lọ́wọ́, ẹlẹ́rìí ti di elégbè nìyẹn.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí, àti nítorí ìyẹ̀fun tó ń fò sí imú ẹni tó ń pò ó, ọ̀pọ̀ ti yà sọ́dọ̀ títéníọ̀mù dayọ́ksáídì, ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú ọ̀dà. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ní ọdún 2022, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù lé òun náà kúrò nínú oúnjẹ èèyàn. Àwọn tó ń sin ẹja salmon ti ń lo ítríọ̀mù ọ́ksáídì, tí mílígíráàmù 100 rẹ̀ nínú kílò oúnjẹ kan ti tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó lè ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Eérú tí ásíìdì kì í jẹ, tó wà nínú oúnjẹ fúnra rẹ̀, kò náni lówó, ó sì dára fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ní in tó. Bí iyanrìn bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Epo ara ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní alkane, Mayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde lọ́dún 1986 fún ẹran inú pápá, mo sì rò pé òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kápúsù wa lọ́nà tó tọ́.

Ìbéèrè ìkẹyìn wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tó jókòó níwájú. Ó ní bí òun bá máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí adìẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èwo ni kí òun lò. Mo sọ fún un pé méjì ni mò ń fi sínú oúnjẹ kan náà nísinsìnyí, aláwọ̀ ewé àti funfun, tí mo sì ń wọn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ìdá 75 àti 74 ló dà, mo ń lọ sùn. Bí ọ̀kan bá sọ 75, tí èkejì sọ 66, mo ń padà lọ síbi ẹ̀rọ ìpòpọ̀, mo ń tan iná, mo ń wo ara irin bóyá àwọ̀ ewé wà níbẹ̀.